Eegun Tó Kán Lójú Pópó: Ìtàn Ìtọ́jú Láti Ọ̀dọ̀ Ato-eegun Dé Ìgbóbì

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ wo ẹ̀yìn nítorí àwọn tó ń ṣubú lójú pópó wa. Òkòkòmáìkò ni mò ń gbé, Ọ̀jọ́ ni ilé ìwé mi wà, ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì ni mò ń gbà lọ tí mo sì ń gbà bọ̀. Bí olùkọ́ bá béèrè nínú kíláàsì wa pé ta ló mọ ẹni tó ti fara pa lójú ọ̀nà yìí, ọwọ́ gbogbo wa ni yóò gbéra sókè. Bí ìjàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, tí ẹnì kan ń jẹ̀rora nílẹ̀, ìbéèrè kan náà ni àwọn èrò máa ń bi ara wọn kí wọ́n tó gbé e: "Ṣé ọsibítù ni ká gbé e lọ ni, àbí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to eegun?"

Ìbéèrè yìí ní ìtàn lẹ́yìn. Ilé méjì ló ń tọ́jú eegun láàárín wa: ilé ato-eegun, tí a jogún lọ́wọ́ àwọn baba wa, àti ilé ìwòsàn, tó dé pẹ̀lú ìjọba àwọn òyìnbó. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ọ̀tá ara wọn ni ilé méjèèjì láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí mo ka ìtàn wọn dáadáa, mo rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, inú ilé ato-eegun gan-an ni ìmọ̀ ọsibítù ti jáde. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé àìbára-ẹni-sọ̀rọ̀ àwọn ilé méjèèjì yìí ló ń gba ẹsẹ̀ àti apá lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa, àti pé ìtàn ti fi ọ̀nà àtúnṣe hàn wá.

Ọ̀nà tó gbé mọ́tò wá bá wa

Kí ọ̀nà márosẹ̀ tó dé, ìlú àwọn Àwórì ni Ọ̀jọ́ àti Ìbà. Ẹja pípa, oko dídá àti òwò orí omi ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí ọ̀sà kò jìnnà sí wa. Ẹni tí eegun rẹ̀ bá kán láyé ìgbà náà, ó lè jẹ́ orí ọ̀pẹ ló ti já bọ́, tàbí kí igi wó lù ú lóko.

Láàárín àwọn ọdún 1970, owó epo rọ̀bì wọlé fún ìjọba, wọ́n sì la ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì. Ọ̀nà yìí jẹ́ ara ọ̀nà ńlá tó gba etí òkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, tó ń gba Kútọnu, Lomé àti Àkírà kọjá. Ní ọdún 1975, ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà náà ní Ọ̀jọ́, títí kan Beetle tí ẹ̀yìn rẹ̀ dà bíi ti ìjàpá. Nítorí náà, ní àdúgbò wa níbí ni ọ̀pọ̀ mọ́tò tó kún ìgboro Nàìjíríà nígbà náà ti jáde. Ilé iṣẹ́ náà ti dáwọ́ dúró tipẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu àwọn kọ̀ńdọ́, nítorí "Volkswagen" ni wọ́n ń pe ibùdókọ̀ ibẹ̀ títí di òní.

Láàárín ọdún 1979 sí 1983, nígbà tí Lateef Jakande jẹ́ gómìnà, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí Ìbà. Ní ọdún 1983, wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, ìyẹn LASU, sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́. Ọjà Alábà náà gbilẹ̀. Èrò ń wọ́ wá láti ibi gbogbo, dánfó, tírélà, ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá sì ń pọ̀ sí i. Ní ọdún 2009, lábẹ́ gómìnà Babatunde Fashola, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti sọ ọ̀nà náà di olójú mẹ́wàá, kí ọkọ̀ ojú irin sì gba àárín rẹ̀ dé Òkòkòmáìkò. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin náà, Blue Line, bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2. Ìpele kejì ni yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ní gbogbo ọdún tí iṣẹ́ fi ń lọ lójú ọ̀nà, àwa tó ń gbé ẹ̀bá rẹ̀ rí kòtò, iyanrìn, ọkọ̀ tó ń gba ojú ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀, àti ẹlẹ́sẹ̀ tó ń sáré la àárín wọn kọjá. Ọ̀nà tó gbé ọrọ̀ wá gbé eegun kíkán wá pẹ̀lú.

Ọwọ́ ato-eegun

Kí a tó ní ọsibítù, Yorùbá ti ń to eegun. Iṣẹ́ ìdílé ni: bàbá á kọ́ ọmọ, ọmọ á kọ́ ọmọ tirẹ̀. Nígbà tí mò ń múra àròkọ yìí, ìyá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan ní Ìbà tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ ṣàlàyé iṣẹ́ yín fún mi." Ó ní kí n jókòó, ó sì sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan.

Ó ní ìka ni ojú àwọn. Wọ́n á fi ìka tẹ ibi tó wú, wọ́n á sì fi mọ̀ bóyá eegun kán, bóyá ó yẹ̀ kúrò ní oríkèé, tàbí bóyá ó kàn rọ́ lásán. Wọ́n á fi òrí pa ibẹ̀, wọ́n á fà á, wọ́n á tò ó, kí wọ́n tó fi pàǹtí ọparun tí wọ́n fi òwú hun pọ̀ dì í. Nígbà mìíràn wọ́n á sín gbẹ́rẹ́ yí ibẹ̀ ká, wọ́n á sì fi ẹtù ra á. Ó tún sọ nípa adìyẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ti gbọ́ nípa rẹ̀ rí: wọ́n á ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìyẹ kan, wọ́n á dì í bí wọ́n ṣe di ti aláìsàn, ọjọ́ tí adìyẹ bá sì ti ń rìn geere ni wọ́n á tú ti aláìsàn.

Mo bi í pé, "Bàbá, kí ni adìyẹ ń ṣe níbẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ẹ̀yin ní kàlẹ́ńdà lára ògiri. Adìyẹ ni kàlẹ́ńdà tiwa."

Ìdáhùn yìí mú mi ronú púpọ̀. Ẹni tó bá ń fi adìyẹ ka ọjọ́ ti mọ̀ pé eegun ní ìgbà tirẹ̀ tí yóò fi so, àti pé kò yẹ kí a tú u kí ìgbà náà tó pé. Ìmọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà náà ní àléébù: eegun adìyẹ máa ń yára so ju ti àgbàlagbà lọ. Bàbá náà fúnra rẹ̀ mọ èyí. Ó ní àwọn ọmọ òun tó ń ṣe iṣẹ́ náà báyìí kì í fọwọ́ kan ẹsẹ̀ tó kán láìjẹ́ pé aláìsàn ti lọ ya X-ray.

Bí Ìgbóbì ṣe bẹ̀rẹ̀

Ilé kejì dé nípasẹ̀ ogun. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà ló wọ iṣẹ́ ológun fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jà ní ilẹ̀ Bọ́mà. Àwọn tó fara gbọgbẹ́ nílò ibi tí wọn yóò ti tún apá àti ẹsẹ̀ wọn ṣe. Láti ara ibùdó tí wọ́n ṣètò fún irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwòsàn eegun tó wà ní Ìgbóbì ti jáde, ó sì di ilé ìwòsàn fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 1945. Orúkọ rẹ̀ lónìí ni National Orthopaedic Hospital, ṣùgbọ́n "Ìgbóbì" lásán ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Bí bàbá kan bá ń bá ọmọ rẹ̀ tó ń fi ọ̀kadà sáré wí ní Èkó, ó lè ní, "Ìgbóbì ni wàá bá ara rẹ o!"

Níbẹ̀ náà ni iṣẹ́ físíò ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Físíò ni ẹni tó ń fi eré ìdárayá, ọwọ́ àti ẹ̀rọ kọ́ ẹsẹ̀ tó ti pẹ́ nínú POP láti tún rìn. Àwọn òyìnbó méjì tí wọ́n kọ́ṣẹ́ náà ní Ìlú Ọba ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Ìgbóbì. Ní ọdún 1966, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní ìmọ̀ náà títí dé oyè dìgírì.

Àwọn irinṣẹ́ ilé kejì yìí ní ìtàn tiwọn pẹ̀lú. Ní ọdún 1852, dókítà ológun kan ní ilẹ̀ Netherlands, Antonius Mathijsen, kọ̀wé nípa báńdéèjì tí wọ́n fi ẹfun POP ra, èyí tó máa ń le gbagidi bó bá ti gbẹ. Ní ọdún 1895, Wilhelm Röntgen ní ilẹ̀ Jámánì ṣàwárí X-ray, ojú ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí eegun láìla ara. Ohun tí ìka bàbá Ìbà ń wá nínú òkùnkùn, ẹ̀rọ ń gbé e jáde sí ojú ìmọ́lẹ̀.

Ìjọba náà rí i pé kò tó kí a máa to eegun lẹ́yìn tó bá ti kán. Ní ọdún 1977, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà pẹ̀lú akitiyan Wọlé Ṣóyínká. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá Federal Road Safety Corps sílẹ̀ ní ọdún 1988, òun náà ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Ẹ rò ó wò: òǹkọ̀wé tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1986 ń dúró lójú títì nítorí ẹ̀mí àwọn tó ń wọ mọ́tò.

Ẹsẹ̀ àbúrò ìyá mi

Bí ilé méjèèjì bá wà, kí ló dé tí ẹsẹ̀ ṣì ń sọnù? Màá fi ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí wa ṣàlàyé. Àbúrò ìyá mi jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà nítòsí Ìyànà Ìbà nígbà tí dánfó kan tó ń gba ojú ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀ kọlù wọ́n. Ojúgun rẹ̀ kán, awọ ibẹ̀ sì ya. Àwọn èrò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan. Wọ́n ní kí a kọ́kọ́ san owó kan sílẹ̀, ẹbí kò sì ní owó náà lọ́wọ́ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ni wọ́n bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ato-eegun kan. Wọ́n di ẹsẹ̀ náà le koko. Ní ọjọ́ kejì, ó ń ké pé ìka ẹsẹ̀ ń ta òun. Wọ́n ní egbòogi ló ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin, ìyá ìyá mi fọwọ́ kan ìka ẹsẹ̀ náà, ó tutù bí omi àmù, ó sì ti ń dúdú. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn ìjọba, ẹran ẹsẹ̀ ti kú. Àwọn dókítà gé e ní ìsàlẹ̀ orúnkún kí ẹ̀mí rẹ̀ má bàa lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹsẹ̀ náà kò ṣòro láti lóye. Eegun tó bá kán máa ń mú kí ẹran tó yí i ká wú. Bí a bá dì í le jù, ibi tó wú kò rí àyè, yóò fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pa, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ìsàlẹ̀ mọ́. Láàárín wákàtí díẹ̀, ẹran tí ẹ̀jẹ̀ kò dé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú. POP tí wọ́n dì le jù ní ọsibítù lè ṣe ohun kan náà, ìdí nìyẹn tí àwọn nọ́ọ̀sì fi máa ń wo àwọ̀ ìka ẹsẹ̀ aláìsàn lemọ́lemọ́, tí wọ́n á sì ní kó mì ín.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí àwọn ará àdúgbò sọ nígbà tí wọ́n wá kí wa: "Ẹ ò rí i? Ọsibítù ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀." Kò sí ẹni tó dárúkọ ìdè tó le jù, kò sì sí ẹni tó dárúkọ owó tí wọ́n béèrè ní alẹ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó mú ayùn lọ́wọ́ kẹ́yìn ni wọ́n rí. Èmi gbà pé báyìí ni ìbẹ̀rù ọsibítù ṣe ń bí ọmọ: ẹni kan pẹ́ kó tó dé ọsibítù, wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹlòmíràn gbọ́, ẹ̀rù bà á, òun náà pẹ́ kó tó dé ibẹ̀, wọ́n sì gé tirẹ̀ náà.

Ato-eegun ilẹ̀ Wales

Nígbà tí mo ń wá ìdí tí ilé méjèèjì kò fi lè bára wọn sọ̀rọ̀, mo ka ìtàn ìdílé kan tó yà mí lẹ́nu, ìdílé ato-eegun ní Ìlú Ọba. Ìtàn ìdílé náà sọ pé láàárín àwọn ọdún 1740, ọkọ̀ ojú omi kan rì ní etí òkun erékùṣù Anglesey ní ilẹ̀ Wales, wọ́n sì rí ọmọkùnrin kan gbà là tí kò gbọ́ èdè ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àgbẹ̀ kan gbà á tọ́. Bí ọmọ náà ti ń dàgbà, wọ́n rí i pé ó mọ bí a ṣe ń to eegun, ti ẹran ọ̀sìn àti ti ènìyàn. Àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ rẹ̀ jogún iṣẹ́ náà gẹ́lẹ́ bí ti àwọn ìdílé wa.

Ọ̀kan nínú àwọn ìran rẹ̀, Evan Thomas, ń to eegun ní ìlú Liverpool. Àwọn dókítà kò fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ léraléra. Dípò kó máa bínú, ó rán àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ márààrún lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Hugh Owen Thomas, tí wọ́n bí ní ọdún 1834, ni àkọ́bí wọn. Ó kó ọgbọ́n ọwọ́ bàbá rẹ̀ àti ìwé tó kà pọ̀, ó sì ṣe irin kan tí wọ́n fi ń na itan tó kán, kó má bàa mì. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, irin yìí ni wọ́n lò fún àwọn ológun. Ohun tí àwọn ìwé ìtàn ìṣègùn máa ń sọ ni pé ṣáájú rẹ̀, nínú ológun 100 tí ìbọn fọ́ egungun itan wọn, nǹkan bí 80 ló ń kú. Lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ó wálẹ̀ sí nǹkan bí 20.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyàwó Thomas kan wà tó ń jẹ́ Robert Jones, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Thomas. Ní ọdún 1888, wọ́n fi Jones ṣe olórí dókítà fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbẹ́ ojú omi láti Manchester lọ sí òkun, iṣẹ́ tó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 58. Eegun ń kán níbẹ̀ lójoojúmọ́. Jones kò jókòó dè wọ́n ní ìlú. Ó to àwọn ibi ìtọ́jú àkọ́kọ́ sí ẹ̀bá iṣẹ́ náà, ó kọ́ ilé ìwòsàn sí àárín wọn, ó sì lo ọ̀nà irin láti fi kó aláìsàn dé ibẹ̀ kíákíá. Ní ọdún 1917, wọ́n fi oyè Sà dá a lọ́lá. Láti ìdílé ato-eegun tí wọ́n ń pè lẹ́jọ́ ni ìmọ̀ yìí ti ṣàn wá, àwọn dókítà Gẹ̀ẹ́sì tó dé Ìgbóbì sì wá láti inú ilé ẹ̀kọ́ tí irú àwọn Jones fi lélẹ̀. Ìgbóbì àti ato-eegun kì í ṣe àjèjì sí ara wọn rárá.

Abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà

Lẹ́yìn tí wọ́n gé ẹsẹ̀ àbúrò ìyá mi, ohun àjèjì kan bẹ̀rẹ̀: àtẹ́lẹsẹ̀ tí kò sí mọ́ ń dùn ún. Àwọn dókítà ní ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ wọn ni í máa ń ṣe, nítorí ọpọlọ kò tíì gbàgbé ẹsẹ̀ náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá sọ fún un nípa acupuncture, ìtọ́jú tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú gún ojú ibi kan lára, tí àwọn kan ti ń ṣe ní Èkó. Ó ní kí n bá òun wo ohun tí ìwé sọ nípa rẹ̀.

Ìtọ́jú yìí ti lé ní 2,000 ọdún ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé agbára kan ń ṣàn lójú ọ̀nà nínú ara, abẹ́rẹ́ ló sì ń ṣí ibi tó bá dí. Ní ọdún 1822, ọba ilẹ̀ náà pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ ní ilé ìṣègùn ààfin. Láàárín àwọn ọdún 1950, ìjọba tuntun tún mú un wọ inú ọsibítù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣègùn òyìnbó. Ní ọdún 1971, akọ̀ròyìn Amẹ́ríkà kan, James Reston, ṣàìsàn ní Beijing, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Nígbà tí inú ń ni ín lára lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n fi abẹ́rẹ́ tọ́jú rẹ̀. Ìròyìn tó kọ sínú ìwé ìròyìn New York Times jẹ́ kí ìtọ́jú náà di ọ̀rọ̀ gbogbo ayé.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gidi gún àwọn kan, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn gún àwọn kan láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé ó máa ń dín ìrora ọrùn àti ẹ̀yìn tó ti pẹ́ kù fún àwọn kan, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ láàárín abẹ́rẹ́ gidi àti ti ẹ̀tàn kì í pọ̀. Abẹ́rẹ́ kò lè so eegun, kò sì lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ rí i pé abẹ́rẹ́ tuntun ni wọ́n ń lò fún òun, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe yẹ kó rí fún abẹ gbẹ́rẹ́ wa, nítorí abẹ tí wọ́n lò fún ẹlòmíràn lè kó àrùn ran ènìyàn. Ohun tí mo sọ fún àbúrò ìyá mi nìyẹn, mo sì ní kó kọ́kọ́ bá físíò rẹ̀ sọ ọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ ju ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ lọ. Àwọn ará Ṣáínà kò sọ ogún wọn nù, síbẹ̀ wọ́n gbà kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí Tu Youyou wá inú ìwé ìṣègùn àtijọ́ wọn, ó rí ewé kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì mú oògùn artemisinin jáde. Ó gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní ọdún 2015. Oògùn ibà tí ọ̀pọ̀ wa ń lò ní Ọ̀jọ́ lónìí, inú rẹ̀ ló ti wá.

Ohun tó kù fún wa láti ṣe

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Mo dábàá ohun mẹ́ta fún Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáìkò.

Àkọ́kọ́, kí ìjọba ìbílẹ̀ àti Ìgbóbì pe àwọn ato-eegun wa jọ, kí wọ́n kọ́ wọn ní ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn: eegun tó yọ síta, ìka tó tutù tàbí tó ń dúdú, ọrùn àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Kí wọ́n fún wọn ní ìwé tí wọn yóò fi máa dárí aláìsàn sí ọsibítù, kí dókítà sì gbà á lọ́wọ́ wọn láìfi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Evan Thomas rán ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwé. Ó yẹ kí ilé ìwé náà ṣílẹ̀kùn fún ọmọ bàbá Ìbà.

Èkejì, kí a to ibi ìtọ́jú àkọ́kọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà wa, bí Jones ti ṣe. Bí ibùdó ọkọ̀ ojú irin bá dé Òkòkòmáìkò, kí yàrá kan níbẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó fara pa.

Ẹ̀kẹta, kí gbogbo ènìyàn mọ ẹ̀tọ́ wọn. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kò gbọ́dọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tó wà nínú ewu pàjáwìrì, ohun yòówù kó fa ìkọ̀ náà. Mo fẹ́ kí a kọ ọ̀rọ̀ yìí ní Yorùbá gàdàgbà sí ara ògiri gbogbo ibùdókọ̀ láti Mile 2 dé Àgbádárìgì. Kí a kọ nọ́ńbà 112 tí a fi ń pe ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì ní Èkó àti 122 ti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sí abẹ́ rẹ̀. Òfin tí ẹni tó ń jẹ̀rora kò mọ̀ kò lè gbà á.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìka bàbá Ìbà mọ ohun kan, ẹ̀rọ Ìgbóbì mọ òmíràn. Ẹni tí dánfó bá gbá lọ́la kò ní àyè láti dúró kí àwọn méjèèjì parí ìjà. Ẹ jẹ́ ká parí rẹ̀ fún wọn lónìí.